Ta Ló Sanwó Ìbọn Kírìjì?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ní GRA Enugu níbí, nígbàkígbà tí a bá ń dáwó ẹgbẹ́, Ogun Kírìjì ni mo máa ń rántí. Àjẹlẹ̀ Ìbàdàn gba ìṣákọ́lẹ̀ ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà títí ó fi sú àwọn ará ibẹ̀. Ní 1878 wọ́n parapọ̀. Ògèdèngbé ti Iléṣà ló wá di olórí ogun wọn. Àpò wọn kò ṣọ̀kan o: ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́ ọmọ ogun tirẹ̀, balógun kọ̀ọ̀kan ń wá ẹ̀tù tirẹ̀. Àwọn mìíràn ta ẹrú fi rà á. Ẹ má jẹ́ ká fi bò.

Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó, Ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀, ló dáwó ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí, wọ́n sì gba ọ̀nà Oǹdó kó o lọ. Lójú tèmi, owó yẹn ló mú Ìbàdàn gbà láti jókòó sọ̀rọ̀. Ti ECOMOG (1990) yàtọ̀: Nàìjíríà ló gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ní dọ́là bílíọ̀nù 8 ni.

Wọ́n bọwọ́ lu àdéhùn Kírìjì ní September 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni wọ́n tó tú àgọ́ ká. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, owó oúnjẹ kò dúró.