Owó Eré Ìdárayá ní Yunifásítì: Èjìká Ta Ni Ó Wà?

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ ní alẹ́ òní kò ṣòro láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ní ìtàn nínú: ta ni ó ń san owó eré tí àwọn ọmọ yunifásítì ìjọba ń ṣe?

Ní 1965, àwọn yunifásítì márùn-ún tí ó wà ní Nàìjíríà nígbà náà, Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria, dá ẹgbẹ́ NUGA sílẹ̀ fún ìdíje eré ìdárayá láàrin ara wọn. Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ṣe ti àkọ́kọ́ ní 1966. Láyé ìgbà náà, àpò ìjọba ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ilé-ìwé gíga ti ń jáde.

Lójú tèmi, ọdún 1977 àti 1978 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ kéde ní 1977 pé a kò ní gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ní yunifásítì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé owó oúnjẹ òòjọ́ sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárí gá, wọ́n ní kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, kúrò lórí oyè. Ìbọn sì pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Láti ìgbà náà ni owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ti di ọ̀rọ̀ èèwọ̀ lẹ́nu ìjọba àpapọ̀. Ohun tí a kò lè pè lórúkọ ni a wá fọ́ sí wẹ́wẹ́: owó ìforúkọsílẹ̀, owó ilé-ìkàwé, owó ìtọ́jú ìlera, àti owó eré ìdárayá.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wá sí etí ọ̀sà tiwa. Ọmọ Ìwòrò tí ó bá ń lọ sí yunifásítì lè jáde sí Aradagun, kí ó bọ́ sí títì Àgbádárìgì, kí ó sì sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀jọ́, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà. Ìjọba Jákàńdè, tí ó fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe àsíá, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1983. Ṣùgbọ́n ní 2011, lábẹ́ Gómìnà Fáṣọlá, owó tí ó jẹ́ 25,000 náírà fò sókè: ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ń san 193,750, ti ẹlòmíràn sì tó 348,750. Èló ni apẹja ń rí lórí omi? Èló ni ìyá tí ó ń ṣe epo àgbọn ń jẹ lérè? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn títí ìjọba fi dá a padà sí 25,000 ní 2014.

Èyí ni ó jẹ́ kí n sọ pé eré ìdárayá kò ní olùgbèjà. Bí a bá gbé owó gun òkè, òbí a figbe ta. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, alákòóso a wá ohun tí yóò gé, pápá kò sì ní ẹnu tí yóò fi sunkún.

Ìṣòro yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba tí tẹlifíṣọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ san owó fún ni ó ń fi owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ bùkátà eré. Nígbà tí ó pọ̀ jù, ìpínlẹ̀ Virginia ṣe òfin ní 2015 tí ó pààlà sí i. Kí àwa náà tilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè pé kí a kọ iye tí a gbà lórúkọ eré, àti iye tí a ná lé e, síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á.

Nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wọ gbèsè báyìí. Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó nípasẹ̀ àjọ NELFUND. Owó ilé-ìwé nínú rẹ̀ kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá. Ilé-ìwé ni a ń san án fún tààrà. Bí owó eré bá wà nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ọmọ tí kò fi ẹsẹ̀ kan pápá rí ti yá owó ṣe pápá, ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá sì parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀.