Ungwan Rimi

Orúkọ àdúgbò ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Kàdúná. Èdè Haúsá ni. "Unguwa" ni àdúgbò. "Rimi" sì ni igi àràbà, èyí tí a ń fi òwú inú èso rẹ̀ ki tìmùtìmù. Àdúgbò Àràbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Unguwar" ni ìwé gírámà Haúsá fẹ́, ṣùgbọ́n "Ungwan" ló wà lẹ́nu ará Kàdúná. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí irú orúkọ yìí: ṣebí Ìdí-Àràbà wà ní Èkó, Ìdí-Ìrókò sì wà létí ibodè Bẹ̀nẹ̀. Lugard, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ayé amúnisìn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Kàdúná ní 1913. Ilé pọ̀ ní Ungwan Rimi báyìí, síbẹ̀ orúkọ igi ò parẹ́. Àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò.