Ewé fún Ọkàn Tí Kò Balẹ̀: Ohun Tí Ìwádìí Fi Hàn àti Ibi Tí Ewu Wà

Ẹni tó bá dé ọjà egbòogi nílẹ̀ Yorùbá, tó sọ fún ẹlẹ́wé ọmọ pé àyà òun ń já, pé oorun kò kun òun lóru, kò ní padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n lè di kóoko ọba fún un pé kó lọ máa sè é mu bíi tíì. Wọ́n lè fún un ní rinrin àti òdúndún, kó fi omi tútù gbo wọ́n, kó fi wẹ orí. Bí ọ̀ràn bá sì ti kọjá àníyàn, tí ẹni náà ti ń sọ ìsọkúsọ, tí kò tíì sùn láti ọjọ́ mélòó kan, èèpo gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ ló kù. Agbára àwọn egbòogi wọ̀nyí kò dọ́gba rárá. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun tó léwu jù nínú fífi egbòogi wá ìbàlẹ̀ ọkàn ni bí a ṣe ń pe gbogbo wọn ní ewé lásán.

Ó yẹ kí á ti ara asofẹ́yẹjẹ bẹ̀rẹ̀. Igi kékeré ni, etí igbó àti oko tí a ti fi sílẹ̀ ló sábà máa ń hù sí. Ewé rẹ̀ máa ń yọ mẹ́ta sí márùn-ún lójú kan náà yí ẹ̀ka ká. Bí a bá já a, oje funfun á ṣẹ̀. Èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ a máa pọ́n, àwọn ẹyẹ a sì máa jẹ ẹ́. Rauvolfia vomitoria ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà, Rauvolfia serpentina, ni Gananath Sen àti Kartick Chandra Bose kọ̀wé lé lórí ní 1931, pé ó ń mú ara àwọn alárùn ọpọlọ rọlẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ Ciba ní Basel, ní Switzerland, yọ èròjà kan lára gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní reserpine. Ní 1954, Nathan Kline ròyìn bí òun ṣe lò ó fún àwọn aláìsàn Rockland State Hospital ní ìpínlẹ̀ New York. Èròjà yìí kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa.

Ọdún 1954 yẹn náà ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò tó sọ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Aro di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n ń gbé, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sì máa wá gba ìtọ́jú. Lambo pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Aro, tẹ ìwádìí méjì jáde ní 1960 tó kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní dá lórí bí àwọn onísègùn Nàìjíríà ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Èkejì dá lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná tàbí tí nǹkan ń rìn lórí wọn, tí wọ́n á ka ìwé títí tí kò ní yé wọn. Brain fag ni wọ́n ń pè é, ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni Prince sì ti gbọ́ orúkọ yẹn. (Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń jẹ obì mọ́jú nítorí ìdánwò yẹ kó mọ̀ pé kaféìnì wà nínú obì, ó sì lè mú kí àyà máa lù kìkì. Ó dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi obì sílẹ̀ ná kó tó wá ewé.)

Báwo ni reserpine ṣe ń ṣiṣẹ́? Inú àpò kéékèèké ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń tọ́jú èròjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn sí: serotonin, noradrenaline, dopamine. Reserpine a máa dí ẹnu àpò wọ̀nyí. Èyí tó yẹ kó wọlé kò ní rí ibi wọ̀, yóò sì bàjẹ́ síta, títí àpò náà yóò fi gbẹ bí àká tí a kò rí nǹkan kó sí mọ́. Ara á rọ̀, oorun á dé. Àmọ́ agbára tó mú oorun wá yìí náà ló lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, tí òòyì á fi kọ́ ẹni tó bá dìde lójijì. Ó lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n bíi ti alárùn Parkinson, àwọn dókítà sì ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé ó lè ti èèyàn sínú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ajmaline tún wà nínú gbòǹgbò náà, èyí tó máa ń yí bí ọkàn ṣe ń lù padà. Nígbà tí àwọn dókítà ń fún alárùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní reserpine, 0.1 sí 0.25 mílígíráàmù lójúmọ́ ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò. Ta ló lè fi ojú wọn ìyẹn nínú ìkòkò àgbo? Gbòǹgbò igi kan kò rí bíi ti èkejì, bó ṣe pẹ́ lórí iná sì tún ń yí i padà. Fún ìdí yìí, asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe ohun tí ẹni tí àníyàn ń bá jà yẹ kó dá sè fúnra rẹ̀ nílé.

Kóoko ọba yàtọ̀ pátápátá. Ó ní ìtàn kan ní Brazil tó yẹ ká gbọ́. Níbẹ̀, capim-cidreira ni wọ́n ń pè é, tíì rẹ̀ sì gbajúmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fọkàn balẹ̀. Ní 1986, E. A. Carlini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní São Paulo tẹ àbájáde àyẹ̀wò wọn lórí èèyàn jáde. Wọn kò rí ewu kankan nínú tíì náà, ṣùgbọ́n kò mú oorun wá. Wọ́n tún mú àwọn méjìdínlógún tí ara wọn kì í sábà balẹ̀, wọ́n fi wọ́n sínú ìdánwò tó ń dá àníyàn sílẹ̀, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó mu kóoko ọba gan-an. Àníyàn àwọn tó mu ún kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò mu ún. Ní 2015, àwọn olùwádìí mìíràn ní Brazil yẹ òórùn òróró rẹ̀ wò nínú àyẹ̀wò tí ogójì ọkùnrin kópa nínú rẹ̀, òórùn náà sì mú ìfòyà àwọn tó fà á símú dín kù fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ràn tíì yìí máa mu ún lọ. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ lálẹ́, tó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń mu nǹkan gbígbóná tí kò ní kaféìnì, ti ṣe ara rẹ̀ lóore. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹnikẹ́ni máa tà á fún alárùn àníyàn gẹ́gẹ́ bí oògùn tó dájú.

Rinrin àti òdúndún wà lára ewé ẹ̀rọ̀, àwọn ọlọ́rìṣà Bahia ní Brazil náà sì ń lò wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n wẹ orí nínú ẹ̀sìn kì í ṣe ohun tí a lè gbé lé òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú oògùn.

Nínú àwọn egbòogi ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń lò fún àníyàn, ìtàn kava le ju gbogbo wọn lọ. Ní Fiji, Vanuatu àti Tonga, wọ́n máa ń gún gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á jùmọ̀ mu ún níbi àpéjọ. Nígbà tó dé Yúróòpù gẹ́gẹ́ bí oògùn àníyàn, àwọn àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yìn ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìròyìn àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́. Ilẹ̀ Jámánì fòfin dè é ní 2002, ilé ẹjọ́ sì fagi lé òfin náà ní 2014. Ṣùgbọ́n ní 2020, àyẹ̀wò ọlọ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún ní Ọsirélíà, tí èèyàn 171 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé kava kò sàn ju hóró òfìfo, ìyẹn hóró tí kò ní oògùn nínú, lọ fún àníyàn tó ti di àrùn, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àwọn tó lò ó sì burú ju ti àwọn yòókù lọ.

Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù ni òróró lavender tí wọ́n ń rọ sínú kápúsù. Nínú àyẹ̀wò kan ní 2014, tí èèyàn 539 kópa, 160 mílígíráàmù lójúmọ́ dín àníyàn kù ju hóró òfìfo lọ. Chamomile náà gbìyànjú nínú àyẹ̀wò kékeré kan ní yunifásítì Pennsylvania ní 2009, èèyàn 57 ló sì kópa níbẹ̀. Kápúsù tí wọ́n ti wọn èròjà inú rẹ̀ ni méjèèjì, wọn kì í ṣe tíì inú páálí. Ẹni tó bá mu ife tíì kan kó má retí àbájáde kan náà.

Ewu mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn: kí egbòogi bá oògùn ilé ìwòsàn jà nínú ara. St John's wort ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù, tí wọ́n ń tà fún ìrẹ̀wẹ̀sì ní London àti ní Amẹ́ríkà, tí àwọn kan sì ń rà fún àníyàn. Ó máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn mìíràn dànù. Ní 2000, àwọn olùwádìí fi hàn pé ó dín indinavir, oògùn HIV, kù gidigidi nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí àti warfarin. Ẹni tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń mu asofẹ́yẹjẹ, wà nínú ewu tó yàtọ̀: ohun méjì ló ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dókítà rẹ̀ ò sì mọ̀ ju ọ̀kan lọ.

Bí ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣe ń fi àgbo pamọ́ fún dókítà jẹ́ ohun tó ń dunni, nítorí ìbẹ̀rù èébú ló sábà máa ń fà á. A ti rí i pé ọ̀nà mìíràn wà. Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2020. Àrùn ọpọlọ tó le ni wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, kì í ṣe àníyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ń bẹ àwọn onísègùn àti àwọn wòlíì wò ní ibùdó wọn, wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn níbẹ̀, wọ́n sì ń jíròrò lórí ìtọ́jú rẹ̀. Aláìsàn 307 ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí yá ju ti àwọn tó wà lọ́wọ́ onísègùn bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ lọ, wọn kò sì ní kí onísègùn kankan kó ewé rẹ̀ dànù.