Ta Ló Máa Sọ Pé Bàbá Ti Ń Ṣarán? Bourguiba, Dókítà Méje àti Òru Kan ní Tunis

   Ìtàn tòní, òru la ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Òru ọjọ́ kẹfà mọ́ ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá, ọdún 1987. Ìlú Tunis ni, olú-ìlú Tùnísíà, lápá àríwá Áfíríkà. Wọ́n pe dókítà méje lóru, wọ́n kó wọn jọ sí iléeṣẹ́ mínísítà fọ́rọ̀ abẹ́lé. Ẹ fọkàn bá mi lọ: dókítà méje wà níkàlẹ̀, kò sí aláìsàn kankan níbẹ̀. Ìwé ni wọ́n gbé síwájú wọn. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé ara àti ọpọlọ Ààrẹ Habib Bourguiba, ẹni ọdún 84, kò gbé iṣẹ́ ìjọba mọ́. Ààrẹ fúnra rẹ̀ wà ní ààfin rẹ̀ ní Carthage. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lóru náà. Àwọn méjèèje fọwọ́ sí i. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ kùtù, rédíò ti ń kéde pé Tùnísíà ti ní Ààrẹ tuntun.

Ìbéèrè tó wà nídìí ìtàn yìí, ìbéèrè tó ń jẹ gbogbo wa lẹ́nu ni: tí olórí bá ti darúgbó, tí làákàyè rẹ̀ kò pé mọ́, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́? Níbo ló ti máa sọ ọ́? Tí kò bá sì sẹ́ni tó sọ ọ́ ní gbangba, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?

Ọmọ Monastir

Ẹ má jẹ́ ká fojú arúgbó nìkan wo ọkùnrin yìí o. Bourguiba kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Wọ́n bí i sí ìlú Monastir létí òkun, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Paris, ó padà wálé, ó sì kojú àwọn Faransé tó ń ṣàkóso ilẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1934, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú Néo-Destour sílẹ̀. Àwọn Faransé tì í mọ́lé títí, wọ́n lé e kúrò nílùú, kò gbà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọdún 1956, Tùnísíà gba òmìnira. Lọ́dún kejì, wọ́n fòpin sí ìjọba ọba, Bourguiba sì di Ààrẹ.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ya ayé lẹ́nu. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1956, kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n gba òmìnira, òfin ìdílé tuntun jáde: ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ fẹ́ ju ìyàwó kan lọ mọ́, ilé ẹjọ́ nìkan ló sì lè tú ìgbéyàwó ká. Ó kọ́ ilé ìwé káàkiri, ó rán àwọn ọmọbìnrin lọ síbẹ̀. Títí dòní, ọ̀pọ̀ obìnrin Tùnísíà ò gbàgbé oore yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́lé lè gbàgbé pé ilé kì í ṣe tòun nìkan. Lọ́dún 1975, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sọ Bourguiba di Ààrẹ títí ayé. Ó ti lé ní 70 ọdún nígbà yẹn. Ọkàn rẹ̀ ti dà á láàmú lọ́dún 1967, ó sì ti lo oṣù púpọ̀ nílẹ̀ òkèèrè fún ìtọ́jú láàárín 1970 sí 1971. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ara rẹ̀ ò le. Síbẹ̀, títí ayé ni wọ́n fi sí i.

Ohun tí gbogbo ìlú ń sọ lábẹ́ ahọ́n

Nígbà tó fi máa di ìdajì àwọn ọdún 1980, ọ̀rọ̀ ti ń yàtọ̀. Ní ìparí ọdún 1983, ìjọba fi owó búrẹ́dì lé e ní ìlọ́po méjì. Ìlú dàrú, àwọn èèyàn kú sójú títì. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìíní, 1984, Bourguiba jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí owó búrẹ́dì padà síbi tó wà. Àwọn èèyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ronú jinlẹ̀ bi ara wọn pé: ta ló ń ṣe ìjọba ná, tí gbólóhùn kan látẹnu Bàbá fi lè da gbogbo ètò àwọn mínísítà rú?

Ọdún 1986 ló wá burú jù. Ní oṣù Kìíní, ó lé ọmọ bíbí inú rẹ̀, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn rẹ̀, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Keje, ó yọ olóòtú ìjọba, Mohamed Mzali, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti ń pè ní àrólé òun. Mzali sá gba ẹnubodè Algeria lọ. Ní oṣù Kẹjọ, ó kọ ìyàwó rẹ̀, Wassila, tó ti jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Láàárín oṣù mẹ́jọ, ọmọ lọ, àrólé lọ, ìyàwó lọ. Àwọn tó kù láàfin ni àwọn tó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé etí rẹ̀, pàápàá Saïda Sassi, ọmọ ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin. Ìròyìn gba ìlú pé Bàbá lè yan èèyàn sípò lónìí, kó bínú lọ́la pé ta ló yàn án.

Ẹ wo ibi tọ́rọ̀ wà o. Nílé kọfí, nínú tasí, ní ọjà, gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n abẹ́ ahọ́n ni. Ìwé ìròyìn tó bá sọ̀rọ̀ jù, wọ́n á dá a dúró. Ahmed Mestiri, tó ti jẹ́ mínísítà Bourguiba rí kó tó di olórí alátakò, ti ń sọ ọ́ látọdún 1971 pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1978. Nígbà ìbò 1981, wọn ò fún ẹgbẹ́ náà ní àga kan. Lọ́dún 1986, àwọn alátakò kọ̀ láti kópa nínú ìbò rárá. Àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù tó ń ṣòṣèlú, lábẹ́ Rached Ghannouchi, wà lẹ́wọ̀n.

Nítorí náà, kò sí ilé ìgbìmọ̀ tí alátakò ti lè dìde béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni dókítà sọ nípa ìlera Ààrẹ?”

Ihò kan nínú ìwé òfin

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yí padà sí. Lọ́dún 1976, wọ́n tún ẹsẹ 57 nínú ìwé òfin Tùnísíà kọ. Ó sọ pé tí Ààrẹ bá kú, tó bá kọ̀wé fipò sílẹ̀, tàbí tí kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá, olóòtú ìjọba ni kó gba ipò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ikú, a mọ̀ ọ́n. Ìwé ìfipòsílẹ̀, a rí i. Ṣùgbọ́n “kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá” ńkọ́? Ta ló máa pinnu ìyẹn? Ṣé aṣòfin ni? Ṣé adájọ́ ni? Dókítà mélòó? Ẹsẹ 57 ò sọ. Ó ní kẹ́nì kan wọlé gba ilé, kò sọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1987, Bourguiba yan olóòtú ìjọba tuntun: Zine el-Abidine Ben Ali, ẹni ọdún 51, ọ̀gágun tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ọ̀rọ̀ ààbò, tó sì ti ń ṣe mínísítà fọ́rọ̀ abẹ́lé. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ ti rán Ghannouchi lọ sẹ́wọ̀n gbére. Bourguiba ní ìyẹn kéré, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà dá, ikú lòun fẹ́. Ẹ̀rù ba àwọn tó yí i ká pé ogun abẹ́lé ló ń fà yẹn.

Òru la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀. Ben Ali di ọwọ́ mú pẹ̀lú Habib Ammar, ọ̀gá Ẹ̀ṣọ́ Orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ ogun Ammar yí ààfin Carthage ká. Àwọn dókítà fọwọ́ síwèé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ben Ali ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rédíò. Ó yin Bourguiba fún gbogbo ohun tó ti ṣe fún ìlú, ó ní ọjọ́ ogbó àti àìlera ti mú kó di dandan láti lo ẹsẹ 57, ó sì ṣèlérí pé Ààrẹ títí ayé ti dópin ní Tùnísíà. Ẹ̀jẹ̀ ò ta sílẹ̀.

Kí ni àwọn alátakò ṣe?

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mi ò bá wọn wí tán o. Ta ni ò ní yọ̀? Bàbá ti ń ṣarán lóòótọ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń jáde. Ghannouchi gan-an gba ìdáǹdè ní oṣù Karùn-ún ọdún 1988. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n yọ “Ààrẹ títí ayé” kúrò nínú òfin, wọ́n ní Ààrẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ju sáà mẹ́ta lọ, kò sì gbọ́dọ̀ lé ní ọdún 70 tó bá ń díje. Ní oṣù Kọkànlá, ìjọba àtàwọn alátakò jókòó sídìí tábìlì kan náà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan fún gbogbo ìlú.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in: ọ̀nà wo lẹ gbà yọ ọ́? Tí dókítà bá lè sọ ní iléeṣẹ́ ọlọ́pàá pé ẹni tí wọn ò fojú rí lóru náà kò lè ṣèjọba, tí àwọn sójà sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n agbára ló gbé e ró. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àwọn alátakò rí ìyálé tó ń jẹ pàṣán, wọn ò wòkè àjà.

Oṣù Kẹrin ọdún 1989, ìbò dé. Ẹgbẹ́ Ben Ali kó gbogbo àga 141 nílé ìgbìmọ̀. Ben Ali fúnra rẹ̀ gba ìbò tó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ́ Mestiri ò rí àga kan. Ghannouchi fi ìlú sílẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti kún ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lọ́dún 2002, wọ́n yọ òdiwọ̀n sáà kúrò nínú òfin, wọ́n sì sún ọjọ́ orí sí 75, kí Ben Ali lè máa bá a lọ. Ọdún 23 ló lò kó tó sá lọ sí Saudi Arabia ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, 2011.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ilẹ̀kùn tí Ben Ali gbà wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló tì í. Lọ́dún 1988 ó tún ẹsẹ 57 ṣe: kì í ṣe olóòtú ìjọba ló máa rọ́pò Ààrẹ mọ́, olórí ilé aṣòfin ni, onítọ̀hún ò sì gbọ́dọ̀ díje. Ó mọ ibi tí ihò wà. Ó dí i fún ara rẹ̀, kò dí i fún ìlú.

Bourguiba ńkọ́? Wọ́n fi í sínú ilé kan ní Monastir, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ọ. Ó lo ọdún tó lé ní mọ́kànlá níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin, ọdún 2000, ó kú lẹ́ni ọdún 96. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba ò gbé ìsìnkú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ lọ́wọ́.

Àgbà mìíràn, ihò mìíràn

Ẹ lè rò pé lẹ́yìn ọdún 2011, wọ́n ti kọ́gbọ́n. Wọ́n kọ́ díẹ̀. Ìwé òfin 2014 sọ ọ́ kedere pé Ilé Ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ló máa pinnu bóyá ipò Ààrẹ ti ṣófo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn olóṣèlú, ìjọba àti alátakò, kùnà láti fẹnu kò lórí àwọn adájọ́ tó máa jókòó níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ wà lórí ìwé, kò sí lórí ilẹ̀.

Lópin ọdún yẹn, wọ́n dìbò yan Beji Caid Essebsi, ẹni ọdún 88, tó ti ṣe mínísítà lábẹ́ Bourguiba rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, 2019, wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn agbésùnmọ̀mí ju bọ́ǹbù ní Tunis. Lórí Facebook, àwọn kan ti pa á, àwọn kan ti jí i. Gbogbo ìlú ń béèrè: tí Bàbá ò bá lè sọ̀rọ̀, ta ló máa kéde rẹ̀ nígbà tí ilé ẹjọ́ ò sí? Ó jáde nílé ìwòsàn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje, ó kú lẹ́ni ọdún 92. Lọ́jọ́ náà gan-an ni olórí ilé aṣòfin, Mohamed Ennaceur, ẹni ọdún 85, búra wọlé, ìlú sì lọ sí ìbò ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Orí ló kó wọn yọ. Àbí ẹ ò rí i pé tí Essebsi bá wà láàyè tí kò mọ nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà, inú òkùnkùn ọdún 1987 ni wọn ì bá padà sí? Lọ́dún 2021, nígbà tí Ààrẹ Kais Saied dá ilé aṣòfin dúró tó sì kó agbára jọ, kò sí ilé ẹjọ́ náà síbẹ̀ láti sọ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí. Ká máa sọ pé olórí ti ń ṣarán kì í ṣe àrífín nínú ara rẹ̀. Àgbà tó gba iṣẹ́ ìlú ti gbà pé kí ìlú béèrè bóun ṣe jí. Àrífín gidi ni ká fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú tasí, ká wá dákẹ́ níbi tó ti yẹ ká sọ ọ́. Iṣẹ́ alátakò kì í sì í ṣe láti máa ka iye ìgbà tí Bàbá kọsẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé ọ̀nà wà, ọ̀sán gangan, pẹ̀lú dókítà tó rí aláìsàn àti adájọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ra, kí ọjọ́ yẹn tó dé. Torí kò sí bí ọ̀rọ̀ ṣe tóbi tó, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Tí ẹnu ò bá sọ ọ́, ẹni tó ní ìbọn ló máa sọ ọ́, òru ló sì máa sọ ọ́.

Ẹ sọ fún wa: nílé tiyín, ta ló máa ń sọ fún Bàbá àgbà pé kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò mọ́, báwo lẹ sì ṣe sọ ọ́? A ó gbọ́ tẹnu yín.