Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí A Ń Fèsì Fún: Ìtàn Àwọn Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀lù Orí Rédíò

   

Nígbà tí Rediffusion gbé àpótí rẹ̀ dé Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu, nítorí àpótí ọ̀hún a máa sọ̀rọ̀, kì í sì í dúró gbọ́ èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n irú ènìyàn kan wà tí kò gbà fún un rí, òun náà sì ni olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Òun a máa dá rédíò lóhùn. A máa bá a jà, a máa yìn ín, a máa pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní òpùrọ́, a sì tún máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má dákẹ́. Ìtàn àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọ̀nyí, nílé àti níhìn-ín, àti ohun tí àwọn olùgbọ́ ń bèèrè lọ́wọ́ wọn, ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Nílé, orúkọ tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni ti Ernest Okonkwo ti Radio Nigeria, ẹni tó kú ní ọdún 1990. Ọmọ Ìgbò ni, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń ròyìn eré, síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ilé Yorùbá tí wọn kò ti mọ ohùn rẹ̀ kò pọ̀. Kí ló fi gba ọkàn àwọn ènìyàn? Iṣẹ́ tí àwọn akéwì wa ń ṣe láàfin ọba ni ó ń ṣe lórí pápá: ó ń fún ènìyàn ní oríkì. Òun ló sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní “Mathematical”, bí ẹni pé ọmọkùnrin náà ti ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù tán kí ó tó gbá a. Christian Chukwu, balógun ẹgbẹ́, di “Chairman”. Aloysius Atuegbu di “Blockbuster”. Adokiye Amiesimaka, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, di “Chief Justice”, ó sì padà di kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers lóòótọ́. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Okonkwo wo ẹsẹ̀ kí ó tó sọ agbábọ́ọ̀lù lórúkọ, ìdí nìyẹn tí àwọn orúkọ náà kò fi parẹ́ títí dòní.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0, wọ́n sì gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà Lawal ti Shooting Stars jẹ ẹ̀kẹta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wọ pápá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ní gáréèjì àti lábẹ́ igi ọdán, tí wọ́n fi etí wo eré? Fún àwọn wọ̀nyí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ojú wọn. Ohun tó bá ní òun rí ni àwọn náà rí.

Ibẹ̀ gan-an ni awuyewuye ti bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n tí Okonkwo bá ń ròyìn, òwe náà a máa yí padà. Àwọn kan a máa gbé tiransísítọ̀ kékeré wọ pápá, kí wọ́n lè máa gbọ́ ọ bí wọ́n ti ń wo eré. Wọ́n á ní eré tó wà létí àwọn dùn ju èyí tó wà níwájú àwọn lọ. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e kò tíì parí. Apá kan ní iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni pé kí ó mú eré dùn, pé ẹni tó bá fẹ́ ìròyìn gbígbẹ kó dúró de ìwé ìròyìn lọ́la. Apá kejì ní tí bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí ó má sọ ọ́ bí ẹni pé ó kan òpó. Àwa rò pé apá méjèèjì ló ní òtítọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀sùn kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni ti ojúsàájú. Ní ọdún 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn fi 4-1 na Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì pàdánù 0-1 lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe gba ife àwọn olúborí ife Áfíríkà nìyẹn, àwọn sì ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife tó kárí Áfíríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Rangers ti Enugu pàdé wọn ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbá ọ̀mì 0-0, pẹnárítì ni Rangers fi yege ní Kàdúná, wọ́n sì gba ife náà. Ogun abẹ́lé kò tíì parí ju ọdún méje lọ nígbà náà, ọgbẹ́ kò sì tíì san. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè sọ tí a kò ní fi òṣùwọ̀n gbé. Bí ó bá yin Okala aṣọ́lé Rangers, ọmọ Ìbàdàn á kùn. Bí ó bá yin Ọdẹ́gbàmí, ti Enugu náà á kùn. Síbẹ̀ ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́, oríkì kan náà ni gbogbo wọn ń pè. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré fún orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ló ń bá rédíò jà. Ìlú tí a wà yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1954, Ìwọ̀-oòrùn Jámánì na Hungary ní 3-2 ní ìlú Bern, wọ́n sì gba Ife Àgbáyé. Herbert Zimmermann, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ rédíò Hamburg, ló ròyìn eré náà. Ayọ̀ pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ débi pé ó fi aṣọ́lé Toni Turek pe ọlọ́run bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹlẹ́sìn fapá jánú, wọ́n sì bá a wí. Lọ́jọ́ kan náà, Wolfgang Hempel ròyìn eré yìí fún rédíò Ìlà-oòrùn Jámánì, tí ìjọba rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ Hungary. Àwọn olùgbọ́ fi lẹ́tà ẹ̀hónú bò ó, pé inú rẹ̀ kò dùn tó nígbà tí Jámánì borí. Ẹ wò ó: wọ́n bá ọ̀kan wí nítorí àyọ̀jù, wọ́n bínú sí èkejì nítorí àìyọ̀tó. Wọn kò tíì mọ Ògiri Berlin ní 1954. Ẹni tó wà ní Neukölln lè yí bọ́tìnnì rédíò rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó gbọ́ eré kan náà lẹ́nu méjì.

Neukölln yìí kan náà ni ilé Tasmania, ẹgbẹ́ tó gbá Bundesliga ní 1965/66. Nínú eré 34, méjì péré ni wọ́n borí. Góòlù 15 ni wọ́n jẹ, wọ́n sì jẹ 108 wọlé wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1966, ènìyàn 827 ló wá wò wọ́n ní Olympiastadion tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn yòókù jókòó sílé. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gidi, nítorí kò sí ẹnu dídùn tó lè sọ 108 di kékeré, kò sì yẹ kí a fi ẹni tó ṣubú ṣẹ̀sín.

Ohun tó jẹ wá lógún jù nìyí. Tẹlifíṣọ̀n fi eré Bern náà hàn, ṣùgbọ́n wọn kò tọ́jú rẹ̀ lódindi. Lónìí, ohùn Zimmermann láti orí rédíò ni wọ́n máa ń fi sí àwọn àwòrán tó kù. Ó ti kú láti 1966, ọmọ Jámánì tí kò tíì bí nígbà náà sì mọ ohùn rẹ̀. Ohùn Okonkwo ńkọ́? Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló ti gbọ́ ọ? Lẹ́nu àwọn àgbà wa ni púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ wà, àwọn àgbà náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 2021/22, Táíwò Awóníyì, ọmọ Ìlọrin, jẹ góòlù 15 nínú Bundesliga fún Union Berlin. Lójoojúmọ́ Sátidé nígbà náà, orúkọ rẹ̀ ń dún lórí rédíò, ṣùgbọ́n láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ wa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀. A kò bínú sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Jámánì, torí ahọ́n rẹ̀ kọ́ ló bí orúkọ náà. Ṣùgbọ́n tí a bá sọ awo àti iyì inú orúkọ yẹn nù, tí ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní oríkì, kí ló kù bí kò ṣe ariwo?

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ lórí rédíò ìgbà náà fún àwọn ọmọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n gbà á sórí fóònù. Ẹ sọ ìjà rẹ̀ àti adùn rẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Tempelhofer Feld tàbí ní Stadtpark Hamburg, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn dìde, kí ó máa fi Yorùbá ròyìn eré, kí ó sì fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóríkì. Tí ó bá ṣojúsàájú, kí àwọn tó kù fèsì fún un.