Ta Ni Ó Ni Ilé Ọmọ? Ìjọba, Ìrànwọ́ àti Ọ̀rọ̀ Ọmọ Bíbí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní "ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ." Àwọn àgbà yìí kan náà ni wọ́n tún sọ pé ọmọ ni aṣọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn, nítorí pé ẹni tí yóò tọ́ ọmọ ni a fi wọ́n gbà nímọ̀ràn. Ìbéèrè tí ìtàn gbé síwájú wa ni èyí: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba bá gba ìpinnu náà lọ́wọ́ òbí?

Ayétẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú Ìbàràpá Méje, pẹ̀lú Ìgbò-Ọrà, Erúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà àti Ìgàngán. Àgbẹ̀ ni wọ́n, òkìkí ìbejì agbègbè wọn sì kàn dé òkè òkun. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ní Ìgbò-Ọrà ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, nǹkan bí 45 ni ó jẹ́ ìbejì. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bíi Ọmọ́lará ṣe wà nílẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé wà. Ìyá tí ó ti sin ọmọ mẹ́ta kí ó tó rí ọ̀kan tọ́ dàgbà kò lè gba "má bí púpọ̀ mọ́" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Ní òkè òkun, àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣa èbù iṣu, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìjọba ṣa irú ènìyàn tí yóò bímọ. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1927, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ìpínlẹ̀ Virginia láre pé ó lè fi iṣẹ́ abẹ dí ọ̀nà ọmọ Carrie Buck, ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n pè ní aláìlóye. Ní Jámánì, òfin ọdún 1933 sọ nǹkan bí 400,000 ènìyàn di àgàn.

Nígbà tí ó yá, a kò fi ipá nìkan ṣe é mọ́. Ìrànwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìjẹ. Ní ọdún 1973, ní Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n dí ọ̀nà ọmọ àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú méjì nínú ẹbí Relf. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 14, èkejì ọmọ ọdún 12. Ìyá wọn kò mọ̀wé. Àmì ni ó fi sórí ìwé, ó rò pé abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú Adájọ́ Gesell ní ọdún 1974, ó hàn gbangba pé wọ́n ti halẹ̀ mọ́ àwọn tálákà kan pé owó ìrànwọ́ wọn yóò dúró bí wọn kò bá gbà.

Ní Íńdíà, láàárín ọdún 1975 sí 1977, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1976 nìkan, iye àwọn ọkùnrin tí a dí ọ̀nà ọmọ wọn ju mílíọ̀nù 6 lọ. Wọ́n bu iye ènìyàn tí àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ mú wá fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó oṣù wọn kò ní jáde. Ní oṣù kẹta ọdún 1977, àwọn olùdìbò lé Indira Gandhi kúrò lórí oyè.

Nàìjíríà kò fi tipátipá dí ọ̀nà ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1988, ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé ètò ìlànà kalẹ̀ pé ọmọ mẹ́rin ni kí obìnrin kan máa bí, láìfi dandan ṣe é. Àwọn alárìíwísí béèrè pé: èé ṣe tí ó fi jẹ́ orí obìnrin ni a ka iye náà sí? Ọkùnrin tí ó ní aya mẹ́rin lè bí mẹ́rìndínlógún láìtẹ ìlànà náà lójú.

Ọ̀nà mìíràn ti wà ní Ìbàràpá ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera sílẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lè máa gbé láàárín ará ìlú, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún ìyá. Bí ọmọ kò bá kú mọ́, òbí fúnra rẹ̀ yóò mọ iye tí ó tó o.

Ní Cairo ní ọdún 1994, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé tọkọtaya ni yóò yan iye ọmọ wọn, láìsí ipá. Ẹ̀tọ́ yìí lójú méjì: kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ipá dí ọ̀nà ọmọ obìnrin, kò sì yẹ kí a fi ìfètò-sọ́mọ-bíbí du ẹni tí ó bá sọ pé ó tó. Èdè tí ó yé e ni kí a fi ṣàlàyé fún un. Ẹni tí ebi ń pa, tí wọ́n ní kí ó tẹ̀ka kí ó tó jẹun, a kò lè sọ pé ó fọwọ́ sí i.