Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yọ Obì Lápò

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìtàn Sergei Rachmaninoff, ògbóǹtarìgì atẹdùrù ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi apá méjèèjì òwe yìí hàn.

Ní ọdún 1897, wọ́n fi símfónì rẹ̀ àkọ́kọ́ han àwùjọ ní ìlú St. Petersburg. Eré náà kò gún rárá. César Cui, tí òun náà ń hun orin, bẹnu àtẹ́ lù ú nínú ìwé ìròyìn láìṣàánú. Ọfà ọ̀rọ̀ yìí wọ Rachmaninoff lọ́kàn. Fún bí ọdún mẹ́ta, agbára káká ni ó fi lè hun orin kankan.

Láti oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹrin ọdún 1900, ó ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn Nikolai Dahl ní ìlú Moscow. Dahl mọ hypnosis í lò, èyí tí í ṣe fífi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ darí ọkàn ènìyàn. Gẹ́gẹ́ bí Rachmaninoff ti ròyìn lẹ́yìn náà, bí ó ti ń tòògbé lórí àga ni Dahl ń tẹnu mọ́ ọn pé yóò kọ orin rẹ̀, pé yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, pé yóò sì dára. Ní ọdún 1901, àwùjọ gbọ́ odindi kọnṣẹ́tò rẹ̀ kejì fún dùrù. Dahl ni ó fi orin náà yẹ́ sí.

Ní ìlú Nancy ní ilẹ̀ Faransé, apòògùn Émile Coué (1857–1926) gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé oníkálukú lọ́wọ́. Ó ní kí ènìyàn máa sọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn fún ara rẹ̀ ní ogún ìgbà láàárọ̀ àti lálẹ́. Lónìí, àwọn kan tí ń kọ́ ohun èlò orin ń lo irú ọ̀nà yìí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kó obì sápò Rachmaninoff? Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní dùrù nígbà èwe. Ní ilé olùkọ́ rẹ̀, Nikolai Zverev, ìdánrawò àràárọ̀ kò ṣeé yẹ̀. Ní ọdún 1892, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ti Moscow. Nítorí náà, kì í ṣe Dahl ni ó kọ́ ọ lórin. Ẹ̀rù tí ó dí i lọ́nà ni ó ṣí kúrò. Ọmọ Àyàn pàápàá mọ̀ pé oríkì kò lè rọ́pò ọdún tí ọwọ́ fi ń kọ́ igi ìlù.

Ẹni tí ń kọ́ ohun èlò lè fi ọ̀rọ̀ rere lé ojora kúrò lára ara rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré. Bí àpò bá ṣófo, ọ̀rọ̀ rere kò ní rí obì yọ.